Ìràwọ̀ Oníbébà àti Àròkọ Aṣàlàyé

Bí olùdánwò bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe gaàrí tàbí bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró, ohun tí ó máa ń rí gbà lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe àlàyé, àkọ́sórí ni. Irú orí-ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wà nínú ìwé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fojú kan ìkòkò aró rí lè to gbólóhùn wọn jáde geerege. Nídìí èyí ni mo fi mú iṣẹ́ ọwọ́ kékeré kan wá síbí, èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi bébà kan ṣoṣo ṣe nílé, tí n kò sì tíì bá pàdé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ìràwọ̀ oníbébà tí a fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Bébà tí kò nípọn ni ó dára jù. Bébà ìtẹ̀wé tí à ń pè ní A4, tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 29.7, tí ó sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, yóò ṣe é. A ó fi rúlà fa ìlà sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí àlàfo ìlà kan sí èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, a ó sì fi àlùmọ́gàjí rẹ́ ẹ tẹ̀lé ìlà. Bébà kan yóò di ègé tẹ́ẹ́rẹ́ 21. Ọ̀já ni mo ń pe irú ègé bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọ̀já ìyá ọlọ́mọ ni ó rí: ìbú rẹ̀ kéré, ó gùn, etí rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Bí etí kò bá dọ́gba, iṣẹ́ ti bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

A ó mú ọ̀já kan, a ó sì ta á ní kókó ẹyọ kan nítòsí ìdí rẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ta òwú ní kókó. A kò gbọdọ̀ fà á tipátipá, nítorí pé bébà kì í ṣe òwú. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fà á, tí a ó sì máa fi ìka tẹ kókó náà pẹlẹbẹ, títí àlàfo inú rẹ̀ yóò fi pa dé. Nígbà náà ni kókó yóò di onígun márùn-ún tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbú ọ̀já kò yí padà. Gbogbo ibi tí ó bá ti ṣẹ́po, igun kan náà ni ó ń dá sílẹ̀. Igun kọ̀ọ̀kan jẹ́ dìgírì 108, àròpọ̀ márààrún sì jẹ́ 540.

Ìdí ọ̀já tí ó kúrú ni a ó ṣẹ́ sẹ́yìn, tí a ó sì tì bọ abẹ́ kókó. Èyí tí ó gùn ni a ó máa wé mọ́ ara onígun márùn-ún náà láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Kò sí pé à ń yan ibi tí yóò gbà. Ọ̀já fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi ọ̀nà hàn. Wíwé yìí kò gbọdọ̀ le jù, nítorí pé bí ó bá le, inú ìràwọ̀ kò ní lè wú. Nígbà tí èyí tí ó kù kò bá tó ẹ̀gbẹ́ kan mọ́, a ó ki orí rẹ̀ bọ abẹ́ ìpele tí ó ṣáájú. Kò gba gọ́ọ̀mù rárá. A ó wá fi ìka méjì dì í mú ní etí, a ó sì fi èékánná ọwọ́ kejì tẹ àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọnú. Bí a ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ikùn rẹ̀ yóò máa wú, tí igun márààrún yóò sì yọ ṣóńṣó. Ní Jàpáànù àti Ṣáínà, wọ́n a máa kó irú ìràwọ̀ yìí kún inú ìgò fún ọ̀rẹ́. Ní tiwa, a lè fi abẹ́rẹ́ àti òwú so wọ́n pọ̀, kí a fi wọ́n kọ́ sójú fèrèsé nígbà Kérésìmesì.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré ọmọdé ni èyí, kò yẹ ní kíláàsì. Ní ilẹ̀ Jámánì, inú ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ Moravia ni ìràwọ̀ Herrnhut tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí olùkọ́ ti ń fi ṣíṣe rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ igun àti ẹ̀gbẹ́. Ní ọdún 1821, wọ́n gbé ọ̀kan tí ó ní ṣóńṣó 110 kọ́ ní ìlú Niesky. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ṣóńṣó 25: ìdí 17 jẹ́ onígun mẹ́rin, ìdí 8 jẹ́ onígun mẹ́ta. Àwa náà kì í ṣe àlejò sí irú ẹ̀kọ́ báyìí. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni iṣẹ́ yìí fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ẹni tí ó kọ ‘fóòdù’ kọ́ ni ìṣòro tèmi. Ó mọ̀ pé òun ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ẹni tí ó kọ ‘ká ọ̀já náà’ ni kí a fara balẹ̀ wò. A ń ká aṣọ, a sì ń ká ẹní. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ká ṣẹ́ lójú ibi tí a ti ká a, ẹní tí a ká sì yí po róbótó ni. Èwo ni kí ẹni tí ń kàwé ṣe? ‘Ṣẹ́po’ kò ní irú pọ́n-na bẹ́ẹ̀, àwọn aránṣọ tí ń ṣẹ́tí aṣọ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. ‘Wé’ ń béèrè pé kí nǹkan wà nínú, bí orí ti ń wà nínú gèlè; ‘lọ́’ yóò sọ ọ̀já di okùn. Bákan náà ni kí a má jẹ́ kí ‘igun’ àti ‘ṣóńṣó’ dàrú: igun ni onígun márùn-ún ní, ṣóńṣó sì ni ti ìràwọ̀. (Ẹni tí ó bá sì fi àmì ohùn òkè sórí ‘igun’ ti gbé ẹyẹ lé orí bébà.)

Àwọn olùdánwò kan a máa ka iye ‘lẹ́yìn náà’ tí ó wà nínú àròkọ, wọ́n a sì fún un ní máàkì ìtòtẹ̀léra. Èmi kò fara mọ́ èyí. ‘Lẹ́yìn náà’ ń sọ pé nǹkan kan tẹ̀lé òmíràn, kò sọ ìgbà tí ó yẹ kí a dúró. ‘Títí àlàfo yóò fi pa dé’ àti ‘nígbà tí kò bá tó ẹ̀gbẹ́ kan mọ́’ ni ó sọ èyí, òun ni ó sì yẹ kí ó gba máàkì. Ẹ kíyè sí ‘ó’ àti ‘rẹ̀’ pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀já, kókó àti ìdí ọ̀já méjì ni ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan náà. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ ‘ó’, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí a ní kí òun fà.

Ní kíláàsì, kí olùkọ́ kọ́kọ́ ṣe ìràwọ̀ náà lójú ìdajì àwọn ọmọ, kí ìdajì yòókù wà níta. Kí àwọn tí ó rí i kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀, kí a sì gbé ìwé wọn àti ọ̀já kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí kò rí i, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Ibi tí ọwọ́ ẹni tí ń kà á bá ti dúró ni kí olùkọ́ fa ìlà sí nínú àròkọ.