Àsansílẹ̀ Owó Ìwé Ìròyìn Ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: Ohun Tí Òǹkàwé Ń Rò, Ohun Tí Agbègbè Bobè Lè Ṣe

Àsansílẹ̀ owó ìwé ìròyìn jẹ́ àdéhùn láàárín òǹkàwé àti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, nínú èyí tí òǹkàwé ti san owó oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan ṣáájú, tí ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti máa fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i bí ó bá ti ń jáde. Òun náà ni àwọn tí ó gbọ́ Faransé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní abonnement. Ọ̀rọ̀ yìí lè má jọ ohun ńlá lójú ará Cotonou tàbí ará Èkó, tí ó lè ra ìwé ìròyìn ní ẹ̀gbẹ́ títì nígbà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ọ̀rọ̀ pàtàkì fún àwọn ará Bobè ní ìjọba ìbílẹ̀ Bantè àti fún àwọn abúlé Savalou, nítorí pé ibi tí a ti ń tẹ ìwé ìròyìn jìnnà sí wọn.

Cotonou ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ń jáde. Láti ibẹ̀, ẹrù ìwé ní láti gba Bohicon dé Dassa-Zoumé, kí ó yà sí ọ̀nà Savalou, kí ó tó forí lé Bantè, ìrìn àjò tí ó ju 200 kìlómítà lọ, lẹ́yìn èyí ni yóò tó kan ọ̀nà abúlé. Ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí ó bá pẹ́ lọ́nà fún ọjọ́ méjì ti di ọ̀rọ̀ àná kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò kà á. Ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé kì í bá rédíò du ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀sẹ̀ jọ, kí ó tú u wò fínnífínní, kí ó sì sọ ohun tí ó fà á àti ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọ̀rọ̀ kajú lè jẹ́ àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹkùn Collines, níbi tí Bantè àti Savalou wà, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a ti ń gbin kajú jù ní Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 2022, ìjọba kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Igbe ọdún 2024, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó kajú tútù tí a kò tíì ṣe jáde kúrò nílùú mọ́, kí ilé-iṣẹ́ abẹ́lé lè máa fọ́ ọ, kí wọ́n sì máa ṣe é fún títà. Rédíò lè ka ìkéde náà ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó ní oko kajú fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ni yóò máa ra kajú lọ́wọ́ òun, ta ni ó ń dá iye owó rẹ̀, kí sì ni òun lè ṣe bí olùrà bá dín owó kù? Irú ìbéèrè báyìí ni ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wà fún.

Òǹkàwé Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi owó ra ìròyìn. Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, máa ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, owó ẹyọ 120 sì ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ní ọdún 1920 sí 1930, àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tò lé ara wọn: Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́nígà ní 1922, Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn ní 1923, Yoruba News ti D. A. Ọbasá ní Ìbàdàn ní 1924, àti Akéde Èkó ti I. B. Thomas ní 1928. Akéde Èkó ni ó tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní 1929 sí 1930, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí obìnrin aláìsàn kan ń kọ sí olóòtú, ìyẹn ẹni tí ó ń ṣe àkóso ohun tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀. Àwọn òǹkàwé gba ìtàn náà gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ lẹ́tà tiwọn ránṣẹ́, tí olóòtú sì ń tẹ̀ wọ́n. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè bá ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ kí ó sì gbọ́ kì í fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan ré òun kọjá. Ìwé ìròyìn Aláròyé, tí Àlàó Adédayọ̀ mú jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ọdún 1996, lẹ́yìn ìgbìyànjú ìṣáájú tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, fi hàn pé èdè Yorùbá ṣì lè gbé ìwé ìròyìn ró.

Síbẹ̀, èrò òǹkàwé kò ṣọ̀kan lórí àsansílẹ̀ owó. Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń ti ẹnu àwọn tí ó ń kọminú jáde ni pé owó ọdún kan wúwo láti san lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá fún àgbẹ̀ tí owó kì í wọlé fún lóṣooṣù. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, nítorí pé ẹni tí ó san owó sílẹ̀ ń bẹ̀rù pé ìwé lè má dé, tàbí pé ilé-iṣẹ́ náà lè kógbá sílé. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣàìní ìdí: láti ìgbà tí La Gazette du Golfe àti Tam-Tam Express ti ṣáájú àwọn ìwé ìròyìn aládàáni jáde ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1988, pàápàá lẹ́yìn àpérò gbogboogbò orílẹ̀-èdè náà ní oṣù Èrèlé ọdún 1990, ọ̀pọ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ tí kò pẹ́ láyé. Ẹ̀kẹta ni èdè. Faransé ni a fi ń kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, nígbà tí ìwé Yorùbá tí ó ń ti Nàìjíríà wá ń lo ẹ, ọ àti p, tí ẹni tí ó kọ́ ìwé kíkà ní èdè abínibí ní Bẹ̀nẹ̀ sì mọ ɛ, ɔ àti kp. Àwọn mìíràn tún ní ẹ̀rọ alágbèéká ti ń gbé ìròyìn wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti àwọn tí ó fara mọ́ ọn, wọ́n ní ìwé tí a tẹ̀ ṣeé tọ́jú, olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ, ẹni kan tí ó mọ̀wé sì lè kà á sókè fún gbogbo agbo ilé. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ alágbèéká ń sáré kọjá, irọ́ àti òótọ́ sì ń rìn pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ní orúkọ àti àdírẹ́sì tí a lè dá lẹ́jọ́ bí ó bá ṣìnà.

Àsansílẹ̀ owó sì ṣe pàtàkì fún akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀. Òun ni ó fi ń mọ iye ẹ̀dà tí yóò tẹ̀, òun ni ó fi ń ra bébà àti yíǹkì kí owó ọjà tó wọlé. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní òǹkàwé tí ó sanwó sílẹ̀ yóò gbójú lé ìpolówó ọjà àti ọwọ́ olóṣèlú, ẹni tí ó bá sì ń bọ́ni ni ó ń darí ẹnu ẹni. Ìnáwó ìwé títẹ̀ kò tilẹ̀ rọ ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́rùn: Jeune Afrique, tí Béchir Ben Yahmed dá sílẹ̀ ní Tunis ní 1960, tí àwọn tí ó ń ka Faransé ní Áfíríkà fi ń gbọ́ ìròyìn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí 60 ọdún, di olóṣooṣù ní ọdún 2020.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí owó ọdún kan bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú lè dá a jọ, kí wọ́n gba ẹ̀dà kan tàbí méjì tí yóò máa wà níbi tí gbogbo ènìyàn lè dé. Ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn náà gba owó ní ìdá-ìdá, kí wọ́n máa gbà á lásìkò tí kajú bá ń tà, láti oṣù Èrèlé dé oṣù Èbìbí, kí wọ́n ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, kí wọ́n sì máa tẹ lẹ́tà àwọn òǹkàwé láti Bobè, Bantè àti Savalou bí wọ́n ṣe ń tẹ ti ará Cotonou. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé agbègbè náà má ṣe dúró de ìjọba: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí wọ́n dá owó oṣù mẹ́ta péré láti fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì yan ẹni tí yóò máa kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé.