Ẹranko Inú Ihò Àpáta ní Etí Òkun Moriténíà

Àwọn ọmọ kéwú wa ní Ṣómólú àti Bàrígà mọ ọ̀sà, wọ́n sì mọ ẹja tí àwọn Ìlàjẹ ń gbé wá sí èbúté. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí síìlì, wọ́n sì rò pé ilẹ̀ oníyìnyín nìkan ló ń gbé. Ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, ní Cap Blanc, nítòsí ìlú Nouadhibou ní Moriténíà, níbi tí aginjù ti pàdé òkun.

Kì í ṣe ẹja o. Ó ń mí afẹ́fẹ́, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Láyé àtijọ́, etí òkun gbangba ló ń sùn. Àwọn ọdẹ tí ń pa á nítorí awọ àti ọ̀rá ló lé e wọ ihò àpáta, níbi tí ìgbì ti lè gbá ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọdún 1986 ni ìjọba ya ṣóńṣó ilẹ̀ náà sọ́tọ̀. Àwọn olùṣọ́ ń fi kámẹ́rà wo inú ihò. Àpá ara ni wọ́n fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ̀. Iye wọn tó bíi 300 nígbà tí ikú dé ní 1997. Láàárín bíi oṣù méjì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní àrùn ni, àwọn mìíràn ní májèlé inú omi ni.

Ẹ bá wa ṣírò ó: ọmọ kan ṣoṣo ni abo ń bí lẹ́ẹ̀kan. Bíi ogún ọdún ni wọ́n fi padà kọjá 300. Títí dòní ni àwọn olùṣọ́ ṣì ń ka ọmọ tuntun, tí wọ́n sì ń lé ọkọ̀ apẹja kúrò níwájú ihò.