ÌWÉ KAN NÍ ILÉ MẸ́TA: BÍ A TI Ń TÚN FÁÌLÌ ŃLÁ ṢE

Kí a pa orúkọ kan rẹ́ nínú ìwé orúkọ ọmọ iléèwé, kí a sì kọ òmíràn sí i, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ni. Ṣùgbọ́n bí irú ìwé kan náà bá wà ní ilé mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń kọ nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò sọ èyí tí í ṣe òtítọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ìbéèrè yìí ni ó dojú kọ àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà pa ìwé ìjọba, ìwé báńkì àti èsì ìdánwò mọ́.

Ní ọdún 2003, àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ Google ní Amẹ́ríkà, Sanjay Ghemawat, Howard Gobioff àti Shun-Tak Leung, kọ ìwé lórí ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ọ̀ràn náà. Kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kó jọ rẹpẹtẹ, wọ́n sì gbà tẹ́lẹ̀ pé díẹ̀ nínú wọn yóò máa bàjẹ́ nígbà gbogbo. Wọ́n gé fáìlì sí ègé tí ó tó mẹ́gábáìtì 64, wọ́n sì fi ẹ̀dà ègé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kọ̀ǹpútà kan ni ọ̀gá. Ó mọ ibi tí gbogbo ègé wà, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ẹrù náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí àtúnṣe bá dé, ọ̀gá a yan ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́ta ṣe aṣíwájú, a sì fún un ní àṣẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, èyí tí ó lè béèrè fún àfikún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun náà a máa ti ọ̀dọ̀ ẹ̀dà kan dé òmíràn, bí àwọn ọmọlé ti ń na búlọ́ọ̀kù sí ara wọn. Síbẹ̀ kò sí èyí tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ títí aṣíwájú yóò fi sọ èyí tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ìtẹ̀léra kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọdọ̀ tọ̀.

Bí ọ̀kan bá kú fún wákàtí kan tí àtúnṣe sì kọjá lórí rẹ̀ ńkọ́? Nígbàkígbà tí ọ̀gá bá fúnni ní àṣẹ tuntun, a fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà ègé náà, àwọn ẹ̀dà tí ó wà láàyè a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tí ó sùn yóò jí pẹ̀lú nọ́ńbà àtijọ́, ọ̀gá kò sì ní júwe ilé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Èyí tí ó wù mí jù ni pé wọn kì í sábà pa nǹkan rẹ́. Ìsàlẹ̀ fáìlì ni wọ́n ń fi ohun tuntun kún, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń kọ ìpàdé tòní sí abẹ́ ti àná. (Kò dùn mọ́ mi, ṣá, pé bí ìkọsílẹ̀ bá kùnà níbì kan, wọ́n á tún un kọ, ohun kan a sì di méjì, òǹkàwé ni yóò máa ṣà á.) Google ti fi ètò yìí sílẹ̀ fún òmíràn tí ń jẹ́ Colossus, ṣùgbọ́n Hadoop, tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, jogún ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Láàárín kọ̀ǹpútà tí kò jìnnà sí ara wọn ni gbogbo èyí ti rọrùn. Bí ẹ̀dà bá wà ní ọ̀nà jíjìn, ìnira mìíràn ni gbígbé e ránṣẹ́. Ní ọdún 1996, Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ní ilẹ̀ Australia gbé rsync jáde. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà àtijọ́ a gé e wẹ́wẹ́, a ṣírò nọ́ńbà méjì fún ègé kọ̀ọ̀kan, a sì fi àwọn nọ́ńbà náà nìkan ránṣẹ́. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà tuntun a fi wọ́n wé tirẹ̀, ohun tí ó yàtọ̀ nìkan ni yóò sì fi ránṣẹ́ padà. Fún àwa tí ń ra dátà bí ẹni ra gàrí ní kóńgò, èrè kékeré kọ́ nìyẹn.

Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣàkóso ìwé orílẹ̀-èdè wa máa béèrè ibi tí aṣíwájú wà, kì í ṣe iye ẹ̀dà nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, iṣẹ́ báńkì sì dàrú ní Nàìjíríà. Bí aṣíwájú bá wà ní òdìkejì òkun ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tí ó wà ní Èkó lè pé pérépéré, síbẹ̀ kò ní í sí ẹni tí yóò fún un láṣẹ láti kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.