Jẹnẹrétọ̀ tó ti sùn láti Iléyá èṣí: ẹ má tíì fa okùn rẹ̀

Ní ìlú Ìwó, Olódò Ọba, bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìdálẹ̀ gbogbo a máa darí wálé. Ilé tí wọ́n ti tì pa láti ọjọ́ pípẹ́ yóò di ṣíṣí, wọn yóò gbálẹ̀, wọn yóò ta eruku dànù. Bí ilẹ̀ bá wá fẹ́ ṣú tí iná kò sí, ẹnìkan yóò rántí jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Wọn yóò wọ́ ọ jáde, wọn yóò da epo sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin tó lágbára jù nínú ilé yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Yóò fà á títí òógùn yóò fi bò ó. Bí ẹ́ńjìnnì náà kò bá dáhùn, wọn a ní ó ti kú, àwọn tó ń ra irin àlòkù a sì rí tiwọn gbé lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò kú. Fífà tí wọ́n ń fà á láìtọ́jú rẹ̀ yẹn gan-an ló lè pa á. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wá kan ọ̀pọ̀ ilé ju ti àtijọ́ lọ. Láti ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà epo tí kò pé 200 náírà sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti kọjá 1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbé jẹnẹrétọ̀ wọn tì láti ìgbà náà, àwọn tó rí owó ra sólà, àwọn yòókù fara mọ́ òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀ tó ti jókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń wá kiri báyìí nígbà tí ìnáwó tàbí àìsàn bá dé, owó tuntun kò sì ṣeé dá lábàá.

Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní four-stroke, ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1876 ni Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe èyí tó jẹ́ bàbá ńlá wọn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló ń gbé: yóò fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, yóò fún wọn mọ́ra, iná púlọ́ọ̀gì yóò ṣẹ́ sí wọn kí wọ́n lè gbiná, lẹ́yìn náà ni yóò tú èéfín wọn dà síta. Fáàfù méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan fún ohun tó ń wọlé, èkejì fún èéfín tó ń jáde. Ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ikùn, kò bá epo pàdé. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn èèyàn sọ ní “I better pass my neighbour”, èyí tó jẹ́ two-stroke, tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ẹni tó bá po ọ́ìlì mọ́ epo four-stroke yóò rí èéfín àti púlọ́ọ̀gì tó dọ̀tí. Ẹni tó bá sì da epo lásán sí two-stroke ti gbẹ́ sàréè fún un.

Kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì nígbà tí kò ṣe nǹkan kan? Epo bẹntiróòlù ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Bó bá pẹ́ nínú táǹkì, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ a fẹ́ lọ, èyí tó kù a di bí oje igi, òórùn rẹ̀ a sì yí padà. Oṣù mélòó kan ti tó fún un. Kábúrétọ̀ ni oje yìí ń bá jà jù, nítorí ihò tí epo ń gbà kọjá níbẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà òjò, ọ̀rinrin a máa di omi nínú táǹkì tí kò kún, omi náà a lọ jókòó sísàlẹ̀, ìpẹtà a bẹ̀rẹ̀. Inú sílíńdà tí ọ́ìlì ti gbẹ lára rẹ̀ a dípẹtà pẹ̀lú, ríìńgì a lẹ̀ mọ́ ọn, fáàfù a há síbi tó ṣí sí. Ká má tíì sọ ti àwọn àlejò tí kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: agbọ́n a máa mọ ilé amọ̀ sínú sàlẹ́ńsà, eku a fi fóòmù tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀, a sì gé wáyà jẹ. Bí èèyàn bá fi agbára fa okùn nígbà tí nǹkan wà báyìí, ìpẹtà yóò ha ara sílíńdà, ọ̀pá tó ń ti fáàfù tó há sì lè tẹ̀. Ohun tí ọ́ìlì díẹ̀ ì bá yanjú ti di iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ sínú ihò rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá rọra fa okùn, bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga tí kò fẹ́ kó dànù. Bí ó bá yí, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí kò bá yí, ẹ tún kán ọ́ìlì sí i, kí ẹ tún dúró. Ẹ́ńjìnnì tó ti há láti ọdún méjì, bó bá gba ọjọ́ mẹ́ta, kò pẹ́ jù.

Irú sùúrù yìí náà ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré ṣeré ń lò nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́dún 1976, ilé iṣẹ́ O.S. ti ilẹ̀ Japan gbé ẹ́ńjìnnì four-stroke kan tí wọ́n pè ní FS-60 jáde fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ààyè inú sílíńdà rẹ̀ kò ju mílílítà 10 lọ. Methanol ni wọ́n ń fi ṣe epo rẹ̀, wọ́n sì ń po ọ́ìlì mọ́ ọn bó tilẹ̀ jẹ́ four-stroke. Òróró lárà, èso igi tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa, wà lára ọ́ìlì tí wọ́n ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá wà nípamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òróró yìí a dì bí àtè. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kò ní fi sípánà fipá yí i. Yóò mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí àtè náà yóò fi yọ́, yóò sì fi ọ́ìlì tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí jẹnẹrétọ̀. Bó bá ti ń yí, ẹ tú ọ́ìlì àtijọ́ jáde sínú kẹ́ẹ̀gì, kó má lọ sínú gọ́tà. Ẹ́ńjìnnì Honda GX160, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní China ti wo àwòkọ rẹ̀, ń gba nǹkan bí 0.6 lítà, ẹni tó bá rọ lítà kan sí i nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ́ìlì dára lójú rẹ̀ yóò rí èéfín. Ẹ da epo àtijọ́ nù pátápátá, ẹ má ṣe bu tuntun là á, kí ẹ sì ṣan táǹkì. Kábúrétọ̀ ni yóò gba àkókò. Ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi epo tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi fọ́nrán wáyà bàbà kan ṣoṣo la ihò rẹ̀. Àwọn kan máa ń ki ìṣó tàbí abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ìyẹn a mú ihò náà fẹ̀ sí i, jẹnẹrétọ̀ a sì máa mu epo bí ọ̀mùtí láti ọjọ́ náà lọ, tí ẹni tó ni ín yóò máa bú ilé epo.

Láti yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò, ẹ kọ́kọ́ gbé epo jìnnà. Ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú ìdérí rọ́bà rẹ̀, ẹ fi ara irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí ihò, kí ẹnìkan sì fa okùn. Iná búlúù tó ń ta ni ẹ ń wá. Bí kò bá sí, ọ̀pọ̀ a sáré lọ ra kọ́ìlì. Ẹ má tíì náwó yẹn o. Púpọ̀ nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ wọ̀nyí ní ohun kékeré kan nínú ikùn tó ń ṣọ́ ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀ tàbí tí wáyà rẹ̀ bó, yóò pa iná púlọ́ọ̀gì kí ẹ́ńjìnnì má baà jó ara rẹ̀. Ẹ wo ọ́ìlì ná, kí ẹ sì yẹ wáyà náà wò.

Bí iná bá wà, tí epo ń dé, tí okùn sì fúyẹ́ lọ́wọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì, ó ti pàdánù agbára tó fi ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ tún kán ọ́ìlì díẹ̀ gba ihò púlọ́ọ̀gì kí ẹ sì tún fà á. Bí okùn bá wúwo sí i, ríìńgì ló jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni kí ẹ fura sí: ó lè há, ó sì lè jẹ́ pé àlàfo rẹ̀ ti yẹ̀. Lórí GX160, àlàfo yìí jẹ́ mìlímítà 0.15 fún ti afẹ́fẹ́ àti 0.20 fún ti èéfín, èyí tó tó ìnípọn bébà ìkọ̀wé méjì. Iṣẹ́ tí ẹni tó ní irin ìwọ̀n lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣe ni. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti nọ́ọ̀kì tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e tì, tí inú rẹ̀ sì ń dún gbàgà-gbàgà bí wọ́n ti ń yí i, ẹni tó bá ní òun yóò fi owó kékeré jí i ń tan oníbàárà rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ tó bá jí, ìta gbangba ni kó ti jí. Ẹ má tíì so fíríìjì mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó sáré lásán fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ máa wò ó bóyá epo ń jò. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí nítorí pé jẹnẹrétọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kò tó láti gba èèyàn là. Bákan náà, ẹ má ṣe ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láìsí ṣéńjìọ́fà, nítorí iná náà lè gba òpó jáde lọ bá ẹni tó ń tún wáyà ṣe ní àdúgbò.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ti bọ́ sínú rẹ̀. Bí ọdún bá sì parí, tí ẹ fẹ́ ti ilé padà sí Èkó, ẹ ti ẹnu epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ jẹ́ kó mu ìyókù inú kábúrétọ̀ títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fa epo inú táǹkì tà fún ọlọ́kadà, kí ẹ sì fi àpò dí ẹnu sàlẹ́ńsà mọ́ agbọ́n nígbà tó bá ti tutù.