Ajílẹ̀ Àpọ̀jù Lóko Lè Ba Omi Kànga Jẹ́, Ó Sì Léwu fún Ọmọ Ọwọ́

Ajílẹ̀ dára fún irè oko, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ju ohun tí ọ̀gbìn lè lò lọ kì í dúró lójú kan. Òjò a máa gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ, títí yóò fi dé inú kànga tí àwọn ará abúlé ń mu. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù lọ.

Nọ́ńbà tí ó wà lára àpò ajílẹ̀ ní ìtumọ̀. Àpò NPK 15-15-15 oníkílò 50 ní náítírójìn, èyí tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, tí ó jẹ́ kílò 7.5. Àpò yùríà oníkílò 50 ní kílò 23. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wọn yùríà bí ó ti ń wọn NPK ti fi náítírójìn ìlọ́po mẹ́ta sí oko rẹ̀ láìmọ̀.

Nínú ilẹ̀, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí a máa sọ náítírójìn yìí di náítírétì. Òun ni gbòǹgbò ń fà mu, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀. Omi òjò ni ó ń bá lọ. Ilẹ̀ oníyanrìn, irú èyí tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo ní Òkè Ọya, kò lè dá a dúró pẹ́. Ìgbẹ́ ẹran àti ṣáláńgá náà ń da náítírétì sínú omi.

Ní ọdún 1945, Dókítà Hunter Comly ní ìpínlẹ̀ Iowa, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé omi kànga inú oko tí wọ́n fi ń po mílíìkì ni ó mú kí ara àwọn ọmọ ọwọ́ kan di aláwọ̀ búlúù. Nínú ara ọmọ, náítírétì a máa yí padà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri. Bí ètè tàbí èékánná ọmọ bá ń dúdú tàbí tí ó ń ṣe bíi búlúù, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí náítírétì má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Sísè omi kò lè yọ ọ́; bí omi bá ṣe ń fà sí i lórí iná ni yóò máa ki sí i. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ààbò tí ó dára jù.

Ní ti àgbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ó pín ajílẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì, kí ó má dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó gbẹ́ ihò díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbìn, kí ó sì fi erùpẹ̀ bò ó, nítorí yùríà tí a fọ́n sórí ilẹ̀ lásán a máa bá afẹ́fẹ́ lọ. Kí ó má lò ó nígbà tí òjò ńlá bá ṣú. Bí ó bá gbin ẹ̀wà tẹ̀lé àgbàdo, ẹ̀wà yóò fi náítírójìn kún ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó yẹ ni yóò jẹ́ kí oko so, tí yóò dín owó tí à ń ná kù, tí omi ilé yóò sì mọ́ fún ọmọ wa.