Àkáǹtì Tó Sùn Kò Kú

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún oníbàárà lẹ́yìn kọ́ńtà báǹkì n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ tó "àkáǹtì yín ti sùn." Wọ́n á ní a ti jẹ owó àwọn. "Ó sùn kẹ̀? Ta ló ní kó sùn?"

Bí oṣù 6 bá kọjá tí olówó kò fi kọ́bọ̀ sí i, tí kò sì gbà níbẹ̀, báǹkì á kà á sí èyí tí kò ṣiṣẹ́. Tó bá pé ọdún 1, ó di ohun tí gbogbo wa ń pè ní dọ́máǹtì. Èlé tí báǹkì fúnra rẹ̀ san síbẹ̀ kò jí i. Ọwọ́ olówó ni wọ́n ń wò. Àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kì í yọjú sí ni olè fẹ́ràn jù, pàápàá olè inú báǹkì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í pa.

Ọ̀fẹ́ ni jíjí i. Ìbuwọ́lùwé ló máa ń fa wàhálà. Bàbá oníkòkó kan tú ìwé báǹkì rẹ̀ nínú ọ̀rá tó fi rọ́bà dì. Ìbuwọ́lùwé àtijọ́ gún régé, ó nírù gígùn nísàlẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ti ń gbọ̀n, kò lè fa ìrù náà mọ́. Ó ṣe é títí, kò jọra. A padà ní kó tẹ̀ka.

Lọ́dún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí owó inú àkáǹtì tó bá ti sùn fún ọdún 10 wá sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ènìyàn pariwo pé ìjọba fẹ́ gbé owó aráàlú mì. Irọ́ ni. Olówó tàbí àwọn ajogún rẹ̀ lè gba ọ̀dọ̀ báǹkì tí wọ́n fi owó náà sí lọ béèrè rẹ̀ nígbàkígbà. Àmọ́ kí a sọ òótọ́, wàhálà ibẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ti òkú ló le jù. Ọmọ á ní orúkọ òun ni bàbá òun kọ sínú fọ́ọ̀mù àkáǹtì. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù kì í sọni di ajogún. Ìwé kóòtù ni báǹkì máa béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣí àkáǹtì nígbà tí ẹ jẹ́ àgùnbánirọ̀, tí ẹ ò débẹ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọjú sí i. Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé pé ẹ ní in.