Ilé Ìwòsàn Ńlá, Dókítà Kan Ṣoṣo

Bí ìjọba bá fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan sí ọ̀ràn ìlera, ilé ni ó sábà máa ń kọ́. Wọn a kun ilé ìwòsàn gbogboogbò ní ọ̀dà, wọn a gbé ẹ̀rọ tuntun wọ inú rẹ̀, wọn a sì kọ ọ́ sí ara ògiri pé ibùjókòó àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí aboyún tí ọmọ dábùú nínú rẹ̀ bá dé ibẹ̀ ní agogo méjì òru, kì í ṣe ọ̀dà ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀. Ta ni ó wà níbẹ̀?

Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí yóò gbé ọmọ jáde nílò dókítà tí yóò fi oògùn mú aláìsàn sùn, tí yóò sì máa ṣọ́ èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn méjèèjì nílò nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ yàrá abẹ, ẹni tí yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti iná tí kò ní kú. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, àwọn ẹbí ni yóò máa wá mọ́tò lọ sí Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà kì í sì í dúró de mọ́tò.

Kí ni ó fa ọ̀wọ́n yìí? Owó oṣù àti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dárúkọ, wọn kò sì purọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, mínísítà ètò ìlera, sọ pé dókítà tí ó lé ní 16,000 ni ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí a kì í sábà gbọ́: ọ̀wọ́n dókítà a máa bí ọ̀wọ́n dókítà.

Ẹni tí ó gba oyè ìṣègùn yóò kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, yóò sì fi ọdún kan sin ilẹ̀ baba rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ ní ẹ̀ka kan yóò tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gbà tó ọdún mẹ́fà kí ó tó yege níwájú National Postgraduate Medical College tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, tàbí níwájú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe ibi tí ó bá wù ú ni yóò ti kọ́ ọ, bí kò ṣe ibi tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyí fọwọ́ sí. Wọn kì í sì í fọwọ́ sí ibi tí àgbà onímọ̀ kò pọ̀ tó láti kọ́ni. Nítorí náà, ibi tí kò ní àgbà kò lè ní akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀kùn àgbà kan ṣoṣo náà ni wọn yóò máa kàn lóròòru, àti lọ́jọ́ ọdún pàápàá. Yóò rẹ̀ ẹ́. Yóò lọ. Ìjọba yóò sì tún kéde àyè rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn.

A ti rí ọ̀nà mìíràn rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1975, wọ́n so ilé ìwòsàn Wesley Guild, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, pọ̀ mọ́ ti Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ yunifásítì, kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè máa ṣiṣẹ́ ní ìlú méjèèjì. Wesley Guild yìí kan náà ni David Morley, dókítà àwọn ọmọdé, ti ṣiṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ ọmọ tí kò dàgbà bí ó ti yẹ, gbilẹ̀ láti ibẹ̀ kárí ayé.

Olùwòran kan lè wí pé owó kò lè tó láti kó onímọ̀ jọ sí gbogbo ìlú. Òótọ́ ni. Ìlú mẹ́ta tí ó súnmọ́ra lè pín in: kí ọ̀kan gba ti aboyún àti ọmọdé, kí èkejì gba ti egungun, kí ẹ̀kẹta gba ti ojú, kí dókítà mẹ́ta ó kéré tán sì wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilé tí wọn yóò máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ aláìsàn tí epo wà nínú rẹ̀, àti ọ̀nà tí ó so ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, yóò wá di ara ilé ìwòsàn náà, inú ìṣirò owó kan náà ni a ó sì ti máa ná owó wọn.